Ṣé Àkókó Ló Ń Pa Igi Wa?

Ní oko tó yí Ọ̀fà ká, láàárín igi emi, igi irú, kajú àti máńgòrò, kò ṣòro láti gbúròó àkókó. Á sọ igi kọ-kọ-kọ, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Inú ẹni tó ni kajú kì í dùn sí i, òkò ni wọ́n sábà máa ń fi lé e. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kàn án ni pé ó ń lu igi pa.

Kí ló ń wá níbẹ̀?

Oúnjẹ ni. Irú kan wà lágbègbè wa tí ara rẹ̀ dà bí eérú, tí ìdí rẹ̀ pọ́n, tí akọ rẹ̀ sì ní pupa lórí. Òmíràn ní àmì tótòtó láyà, èèrà àti ikán ló sì fẹ́ràn jù. Ahọ́n wọn gùn débi pé ó gba ẹ̀yìn agbárí kọjá lábẹ́ awọ. Òun ni wọ́n fi ń fa ìdin jáde nínú igi. Nítorí náà, igi tí àkókó kò kúrò lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ti ń jẹ ẹ́ nínú tipẹ́. Kì í sì í ṣe gbogbo ìró ló jẹ́ ti oúnjẹ o: nígbà mìíràn, ó ń fi pe aya ni, tàbí ó ń kìlọ̀ fún àkókó mìíràn pé ibẹ̀ ti lólúwa.

(Àwọn tó ń béèrè bóyá orí kì í fọ́ ọ: ìwádìí tí Yunifásítì Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù gbé jáde ní 2022 fi hàn pé agbárí rẹ̀ kò ní tìmùtìmù kankan nínú, ó le koránkorán bí òòlù ni. Kékeré tí ọpọlọ rẹ̀ kéré ló ń yọ ọ́.)

Tó bá fẹ́ kọ́ ilé, igi gbígbẹ tàbí ẹ̀ka tó ti ń jẹrà ló máa ń gbẹ́. Bó bá kó jáde, ẹyẹ tí kò lè gbẹ́ ihò fúnra rẹ̀ á kó wọ ibẹ̀.

Ibi tí ẹ̀mí igi wà

Abẹ́ èèpo ni. Ibẹ̀ ni oúnjẹ tí ewé sè ń gbà lọ sí gbòǹgbò. Ihò kan lójú kan kò dí ọ̀nà náà. Igi á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àmọ́ bí a bá bó èèpo náà yípo, gbòǹgbò á kú sí ebi, bí ewé tilẹ̀ ṣì tutù lókè. Lóòótọ́, ojú ọgbẹ́ lè jẹ́ kí ìjẹrà wọlé. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú, irú àkókó mẹ́rin wà tó ń lu ihò ní ìlà-ìlà láti mu omi igi, wọ́n sì lè pa igi. Kò sí ìkankan nínú wọn ní Áfíríkà.

Ta ló ń bó èèpo yípo?

Àwa ni, nígbà mìíràn. Ẹ wo ọ̀ganwó tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ tán nítorí àgbo. Ẹnìkejì ni kòkòrò oníwo gígùn kan, dúdú tó ní ọ̀já pupa rúsúrúsú lẹ́yìn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Analeptes trifasciata. Ó máa ń gé ẹ̀ka kajú yíká títí yóò fi dá, inú ẹ̀ka náà ló sì ń yé ẹyin sí. Ẹ má tún gbàgbé iná inú ọyẹ́ àtàwọn tó ń sun èédú. Kò sí àkókó tó lè ṣe ìdá kan nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ohun tí iná ọ̀sán kan ń ṣe.

Kí ni ká ṣe?

Bí ẹ̀ka kajú bá já bọ́ tí ojú ibi tó ti dá sì tẹ́jú bí ohun tí wọ́n fi ayùn gé, ẹ ṣà á jọ kí ẹ sun ún ní ìta oko. Ẹyin tó wà nínú rẹ̀ á bá a lọ. Ẹni tó ń wá èèpo fún àgbo, ẹ̀gbẹ́ kan ni kó ti mú un, kó sì mọ níwọ̀n. Igi tí àkókó ń sọ lemọ́lemọ́, ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá ikán tàbí ìyẹ̀fun igi wà níbẹ̀. Igi gbígbẹ tí kò lè wó lé ilé tàbí ènìyàn lórí, ẹ fi sílẹ̀ fún àkókó kó fi ṣelé.