Ẹgbẹ́ àti ìpàdé àwọn oníṣòwò ní Ìyànà-Ìbà

Ìyànà-Ìbà jẹ́ oríta kan ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, níbi tí ọ̀nà tó lọ sí ìlú Ìbà ti yà kúrò lára títì ńlá. Ó wà ní agbègbè Ọ̀jọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kò sì jìnnà sí Òkókómáìkò. Ọgbà àgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ń pè ní LASU, tí wọ́n sì dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà ní tòsí rẹ̀. Ọjà, ibùdókọ̀ àti àwọn ìsọ̀ ẹ̀bá títì ló sọ ibẹ̀ di ojúkò ìṣòwò fún gbogbo agbègbè náà. Àwọn tí wọ́n ń tajà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oníṣòwò kékeré tán: alátẹ, aránṣọ, aṣerunlóge, olóúnjẹ, àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́, àti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ POS san owó fún ènìyàn. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí bí irú àwọn oníṣòwò báyìí ṣe ń mọ ara wọn, bí wọ́n ṣe ń kó ara wọn jọ, àti ohun tó wà láàárín wọn àti ẹgbẹ́ ìṣòwò ńlá ti ìlú Èkó.

Ẹgbẹ́ Ìṣòwò àti Iléeṣẹ́ Èkó

Ẹgbẹ́ Ìṣòwò àti Iléeṣẹ́ Èkó, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí LCCI, ni ẹgbẹ́ ìṣòwò tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1888, ìyẹn ọdún méjì lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya Èkó sọ́tọ̀ kúrò lára Gold Coast gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ àmúsìn tó dá dúró. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun láyé nígbà náà. Ìlú Marseille ní ilẹ̀ Faransé ti ní tirẹ̀ láti ọdún 1599, New York ní 1768, Glasgow sì ní 1783. Níbi gbogbo, èbúté àti ọjà òkèèrè ló bí i. Àwọn tó ń kó ẹrù wọ ọkọ̀ ojú omi nílò ẹnu kan ṣoṣo láti bá ìjọba sọ̀rọ̀ nípa owó ibodè, òṣùwọ̀n àti ojú ọ̀nà. Ní Èkó, epo pupa àti èkùrọ́ ni ọjà tó gbòde, àwọn Òyìnbó tó ń rà á sì ni ohùn wọn ga jù nínú ẹgbẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀.

Lónìí, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ń darí rẹ̀, iléeṣẹ́ ńlá àti kékeré sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé máa ń forúkọ sílẹ̀, a sì máa san owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ náà pín sí ẹ̀ka ní ìbámu pẹ̀lú irú iṣẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ ń ṣe. Ó máa ń sọ èrò rẹ̀ jáde lórí ètò ìsúná ìjọba, owó orí àti iye owó náírà sí owó ilẹ̀ òkèèrè. Ó máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ bá oníṣòwò ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ó sì máa ń gbàlejò àwọn tó bá wá láti ibẹ̀. Gbọ̀ngàn ìpàdé àti ìpàtẹ ọjà rẹ̀ wà ní Aláúsá, Ìkẹjà. Àwọn ẹgbẹ́ bíi tirẹ̀ ní àwọn ìlú mìíràn ní Nàìjíríà wà lábẹ́ àgbáríjọ kan tí a mọ̀ sí NACCIMA, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1960.

Ètò tó wà ṣáájú

Kò yẹ kí a rò pé Òyìnbó ló kọ́ Yorùbá bí oníṣòwò ṣe ń para pọ̀. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn Pàràkòyí jẹ́ ìjòyè tí ọ̀ràn ìṣòwò wà ní ìkáwọ́ wọn. Ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, Ìyálóde ni ohùn àwọn obìnrin níwájú àwọn ìjòyè, àwọn tó sì jẹ oyè náà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún jẹ́ gbajúmọ̀ oníṣòwò: Ẹfúnróyè Tinúbú jẹ ẹ́ ní Abẹ́òkúta, Ẹfúnṣetán Aníwúrà sì jẹ ẹ́ ní Ìbàdàn. Ní ọjà kọ̀ọ̀kan, Ìyálọ́jà àti Bàbálọ́jà ló ń parí ìjà, abẹ́ wọn ni olórí irú ọjà kọ̀ọ̀kan wà, bí olórí aláta tàbí olórí elépo.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni agbára ètò yìí hàn sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba fi ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Pullen ṣe alábòójútó oúnjẹ ní Èkó, ó sì fi òfin dá iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ta gààrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn. Iye náà kò tó ohun tí ọlọ́jà fi rà á ní oko. Alímótù Pẹlẹ́wùrà, olórí ọjà Eréko àti olórí Ẹgbẹ́ Obìnrin Ọlọ́jà Èkó, ló ṣíwájú àwọn tó kọ̀ ọ́. Ìjọba fẹ́ fi owó fà á mọ́ra, ó kọ̀. Ní ọdún 1945 ni wọ́n jáwọ́ nínú òfin náà. Àwọn obìnrin yìí kò ní gbọ̀ngàn ìpàdé olówó ńlá, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iye ènìyàn tó wà lẹ́yìn wọn ní ọjà kọ̀ọ̀kan. Irú ètò kan náà ni Àbíbátù Mógàjí darí gẹ́gẹ́ bí Ìyálọ́jà Èkó títí tó fi kú ní ọdún 2013, irú ètò bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ọlọ́jà ní agbègbè Ọ̀jọ́ wà lábẹ́ rẹ̀ títí di òní.

Ibùdó Ìpàtẹ Ọjà ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì

Ohun tó so Ọ̀jọ́ mọ́ ìṣòwò àgbáyé jù lọ ni ibùdó ńlá tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sí ojú ọ̀nà Àgbádárìgì, èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní «Trade Fair». Iléeṣẹ́ Energoprojekt ti ilẹ̀ Yugoslavia ló kọ́ ọ, Zoran Bojović sì ni ayàwòrán ilé tó ṣe ètò rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé ti Èkó àkọ́kọ́ ní ìparí ọdún 1977, ní ọdún kan náà tí FESTAC wáyé. Owó epo rọ̀bì pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ojú ọ̀nà kan náà láti ọdún 1975, èyí tí ibùdókọ̀ Volks ti gba orúkọ rẹ̀. Lójú ẹni tó bá wo Ọ̀jọ́ ní ọdún wọ̀nyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé ọjọ́ ọ̀la ọrọ̀ ajé Nàìjíríà yóò gba ibẹ̀ kọjá.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Ẹgbẹ́ Ìṣòwò Èkó ni ètò ìpàtẹ ọjà náà bọ́ sí nígbà tó yá. Ẹgbẹ́ yìí sọ ọ́ di ohun ọdọọdún, ọjọ́ mẹ́wàá ní oṣù kọkànlá. Ṣùgbọ́n ìpàtẹ náà kò dúró sí Ọ̀jọ́. Tafawa Balewa Square ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ilé tí wọ́n kọ́ fún àlejò láti òkèèrè di ọjà ojoojúmọ́. Àwọn oníṣòwò láti Balógun ní Erékùṣù kó wá, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Balógun, tí wọ́n ń pè ní BBA, sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ náà wá pẹ̀lú ẹgbẹ́ tiwọn, ASPAMDA.

Ẹgbẹ́ méjèèjì yìí ń ṣe iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ìṣòwò ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò jẹ́ orúkọ yẹn. Wọ́n ń dìbò yan olórí, wọ́n ń gba owó ẹgbẹ́, wọ́n ń san owó ọdẹ alẹ́, wọ́n ń dá sí ọ̀ràn ẹni tó ra ọjà tí kò sanwó, wọ́n sì ń lọ bá ìjọba. Iṣẹ́ ìkẹyìn yìí kò rọrùn, nítorí pé ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni ibùdó náà, Ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ pé òun ló ni ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ sí ilé kíkọ́ níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ wó àwọn ilé kan lulẹ̀ níbẹ̀ lórí ọ̀ràn ìwé àṣẹ. Ẹni tó ra ìsọ̀ níbẹ̀ tó sì ní ìwé lọ́wọ́ lè rí i pé kì í ṣe ìwé tí ìjọba kejì mọ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe ń mọ ara wọn

Ìpàdé ìfojúmọra tí ẹgbẹ́ ìṣòwò ńlá ń ṣe ní ìlànà tirẹ̀. Ẹni tó wá a máa fi orúkọ rẹ̀ lẹ àyà, a dìde sọ iṣẹ́ tó ń ṣe ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, a pín káàdì, a sì gba ti ẹlòmíràn. Òṣìṣẹ́ báǹkì tàbí ti àjọ ìjọba kan a sọ̀rọ̀ nípa owó yíyá. Èrè ibẹ̀ kì í yára hàn. Ẹni tó ń ṣe oúnjẹ inú àpò lè pàdé ẹni tó ń tẹ àpò náà, kí ó má sì rà á títí di oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà.

Ní Ìyànà-Ìbà, ìfojúmọra kì í ní ọjọ́ kan pàtó. Àjọ ni ọ̀nà kan. Alájọ tó ń yí ìsọ̀ ká lójoojúmọ́ mọ ẹni tó ń san déédéé àti ẹni tí ọjà rẹ̀ ti rọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì lè mú kí olówó ọjà gbà láti fi ẹrù sílẹ̀ láwìn. Èésú máa ń so ènìyàn mẹ́wàá tàbí ogún pọ̀. Ẹni tó bá kó tirẹ̀ tán tó sì sá, kì í ṣe owó nìkan ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó fà á wọlé gbọ́dọ̀ dá a padà. Ẹ̀rù yìí ló ń ṣe iṣẹ́ tí ìwé àdéhùn ń ṣe níbòmíràn.

Iṣẹ́ kíkọ́ ni ọ̀nà kejì, òun ló sì jinlẹ̀ jù. Ní ọjà Àlàbá, tí kò jìnnà sí Ìyànà-Ìbà, tí àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè tó yí Nàìjíríà ká ti máa ń ra ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti ẹ̀rọ amómitutù, àwọn oníṣòwò Igbo mú ètò wọn wá. Ọmọdé kan a sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan láìgba owó oṣù. Nígbà tó bá parí, ọ̀gá a fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Owó náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà kó kúrò níbẹ̀ tó ju owó lọ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń kó ẹrù wọlé, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, àwọn oníbàárà tó ti bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Bí ọ̀gá bá kọ̀ láti yọ̀ǹda rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tọ́ rẹ̀, àwọn àgbà ọjà ni yóò pe ẹjọ́ náà. Láàárín àwọn Yorùbá tó ń kọ́ ìránṣọ, irun dídì tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì, ayẹyẹ ìgbòmìnira ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún ọmọ iṣẹ́ náà ní orúkọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ lórí, kì í ṣe orúkọ ọ̀gá rẹ̀ nìkan, wọn kì í sì í gbà kí ẹni tí kò ní i ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ ní agbègbè wọn.

Ti àwọn tó ń tajà fún akẹ́kọ̀ọ́ LASU yàtọ̀ díẹ̀. Oníbàárà wọn ń yí padà ní ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, ọjà wọn sì ń dákẹ́ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti padé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń ṣòwò: wọ́n ń ta aṣọ, bàtà àti oúnjẹ láti yàrá wọn, orí WhatsApp ni ìsọ̀ wọn wà.

Ìdí tí wọn kò fi pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ńlá

Ìṣirò tí àjọ SMEDAN àti àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè ṣe fi hàn pé iléeṣẹ́ kékeré àti ti àárín ní Nàìjíríà ju mílíọ̀nù 39 lọ ní ọdún 2020. SMEDAN, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ka iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé 10 sí èyí tó kéré jù lọ, èyí tó ní 10 sí 49 sí kékeré. Àwọn tó kéré jù lọ yìí ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú iye náà, àwọn ni wọ́n sì kún Ìyànà-Ìbà.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni ìforúkọsílẹ̀. Ẹgbẹ́ ńlá ń retí orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, ọ̀pọ̀ alátẹ kò sì ní i. Òfin iléeṣẹ́ ti ọdún 2020 gba ẹnì kan ṣoṣo láyè láti dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, èyí dín wàhálà kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ata kò tíì rí ìdí tí òun yóò fi ṣe é, nígbà tí ó rò pé owó orí nìkan ni yóò mú wá. Èkejì ni ojú ọ̀nà. Láti Ìyànà-Ìbà dé Aláúsá tàbí Erékùṣù lè gba wákàtí púpọ̀ bí ọkọ̀ bá há. Ẹni tó dá ṣe ìsọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tì í kí ó tó lè lọ, ọjọ́ kan láìtajà sì jẹ́ àdánù tí ó lè kà, èrè ìpàdé kò ṣe é kà. Èdè náà wà níbẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní gbọ̀ngàn, Yorùbá, Ègùn, Igbo àti Píjìn ni wọ́n ń sọ ní oríta.

Àìsí nínú ẹgbẹ́ kankan ní ìyà tirẹ̀ nígbà tí ìjọba bá dé. Láti ọdún 2009 ni iṣẹ́ fífẹ ọ̀nà Àgbádárìgì ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ojú irin ní àárín rẹ̀. Àwọn ìsọ̀ ẹ̀bá títì ló kọ́kọ́ lọ. Alátẹ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́ ọjà kankan kò ní ẹni tí yóò bá a béèrè ibi tí òun yóò kó lọ. Apá kìíní ojú irin náà, láti Marina dé Mile 2, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Òkókómáìkò ni apá kejì yóò parí sí, yóò sì gba ojú ọ̀nà Ìyànà-Ìbà kọjá.