BÍ A ṢE Ń YAN ÈTÒ TÍ Ń ṢE Ẹ̀DÀ FÁÌLÌ FÚN ÌPAMỌ́

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ní ọ̀pọ̀ ilé kéwú lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni orúkọ àwọn ọmọ, máàkì ìdánwò àti àkọsílẹ̀ owó wà. Bí kọ̀ǹpútà náà bá bàjẹ́, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lè bá a lọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé irú ètò tó yẹ kí á yàn láti máa ṣe ẹ̀dà wọn.

Èkíní, kí ó máa mú kìkì ohun tó yí padà. Ká ní fáìlì wa jẹ́ gígábáìtì 20, tí 0.2 nínú rẹ̀ ń yí padà lójoojúmọ́. Bí a bá ń da gbogbo rẹ̀ kọ fún ọjọ́ 30, yóò gba gígábáìtì 600. Bí a bá ń mú àyípadà nìkan lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, kò ní í tó 26.

Èkejì, kí ó lè fún fáìlì pọ̀ kí ó má gba àyè púpọ̀. Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ a máa fún pọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n fọ́tò JPEG àti ohùn MP3 ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù mọ́.

Ẹ̀kẹta, kí á wo bí àwọn ẹ̀dà ṣe so mọ́ra. Nínú ètò àtijọ́ bíi tar, ẹ̀dà òní dúró lórí ti àná bí ẹ̀wọ̀n. Bí ojú kan bá já, èyí tó tẹ̀lé e wà nínú ewu. Borg àti restic a máa gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, wọn a sì tọ́jú ègé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A lè pa ẹ̀dà ọjọ́ kan rẹ́ láìba ti ọjọ́ mìíràn jẹ́. Síbẹ̀, bí ègé kan bá bàjẹ́, gbogbo ẹ̀dà tó ń lò ó ni yóò kàn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: kí ẹ̀dà mìíràn wà ní ibòmíràn.

Borg dára fún Linux àti Mac. Ẹni tó ń lo Windows lè lo restic, tó ti ń fún fáìlì pọ̀ láti ọdún 2022, tàbí Duplicati tí kò nílò kí á máa tẹ àṣẹ. Ọ̀fẹ́ ni Borg àti restic. Ṣùgbọ́n restic a máa fi pásíwọ́ọ̀dù ti gbogbo ẹ̀dà pa. Ẹni tó bá sọ ọ́ nù ti pàdánù fáìlì rẹ̀.

Lékè gbogbo rẹ̀, ìgbà tí fáìlì bá padà wá ni a tó mọ̀ pé ẹ̀dà wà. Nítorí náà, ní sáà kọ̀ọ̀kan, ẹ dá fáìlì díẹ̀ padà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ sì ṣí i wò. Ètò tí kò bá yege ìdánwò yìí, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ wá òmíràn.