Pélé Mẹ́ta Lára Ẹja: Bí Clownfish Ṣe Ń Mọ Ẹni Tí Yóò Bá Jà

Láyé àwọn baba wa, ilà ojú ni ìwé ìdánimọ̀. Bí ogun bá tú ìlú ká, àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́ tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ èèyàn ni ará ilé fi ń mọ̀ ọ́n, tí wọ́n á sì gbà á mọ́ra. Ẹja kan wà nínú òkun tí òun náà dà bí ẹni kọ pélé: ilà funfun mẹ́ta gbọọrọ lára awọ tó pọ́n bí ọsàn. Ṣùgbọ́n bí òun bá rí onílà bíi tirẹ̀, ìjà ló ń gbé kò ó.

Clownfish ni ẹja náà, èyí tí àwọn ọmọdé mọ̀ sí Nemo láti ìgbà tí fíìmù rẹ̀ ti jáde lọ́dún 2003. Ó pẹ́ tí àwọn tó ń sin ẹja òkun nínú táńkì gíláàsì ti ń ráhùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èèyàn á ra oríṣi méjì, á kó wọn pọ̀ sínú omi iyọ̀ kan náà. Kò ní pẹ́ tí ọ̀kan á fi bu lẹbẹ èkejì jẹ, tí ẹni tí wọ́n nà á sì há sí kọ̀rọ̀ táńkì láìlè jẹun.

Inú òkun ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni clownfish ń gbé, anímónì ló sì fi ṣe ilé. Ẹranko ni anímónì, bó tilẹ̀ jọ òdòdó. Oró wà nínú àwọn ọwọ́ rẹ̀ tó ń fì nínú omi. Omi yíyọ̀ tó bo ara clownfish ni kì í jẹ́ kí oró náà ràn án, ibẹ̀ ló sì ń sá sí bí ẹja ńlá bá ń lé e.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, oyè sì wà nínú rẹ̀. Èyí tó tóbi jù ni abo, èyí tó tẹ̀ lé e ni ọkọ rẹ̀, àwọn kékeré tó kù ń retí ìgbà tiwọn. Lọ́dún 1977, àwọn olùwádìí Hans Fricke àti Simone Fricke kọ ọ́ síwèé pé bí abo bá kú, ọkọ rẹ̀ á di abo. Lọ́dún 2003, olùwádìí Peter Buston ṣàlàyé ohun tó rí ní Papua New Guinea: ẹja tó wà nísàlẹ̀ kì í jẹ́ kí ara òun dàgbà tó ti ẹni tó wà lókè rẹ̀, kí wọ́n má bàa lé e jáde. Àlejò tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn kò lè du irú oyè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jọ wọ́n ni wọ́n ń ṣọ́.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó jọ wọ́n? Olùwádìí Kina Hayashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Okinawa, lórílẹ̀-èdè Jàpáànù, gbé ìdáhùn jáde ní oṣù kejì ọdún 2024. Wọ́n tọ́ àwọn ocellaris, ẹ̀yà clownfish onílà mẹ́ta bíi ti Nemo, láti inú ẹyin, àwọn tí kò rí ẹ̀yà mìíràn rí. Wọ́n wá gbé oríṣiríṣi clownfish sáàárín wọn nínú àpótí kékeré. Èyí tó ní ilà mẹ́ta ló jìyà jù. Wọ́n tún fi ike ṣe ẹja, wọ́n sì kun ilà sí i lára. Èyí tí kò nílà kò gba ìjà púpọ̀, onílà kan gbà á díẹ̀, ṣùgbọ́n onílà méjì àti mẹ́ta rí mànàmáná. Àwọn olùwádìí rò pé torí ilà méjì ni ocellaris kọ́kọ́ ń ní kí ẹ̀kẹta tó yọ ni wọn kò ṣe fi onílà méjì sílẹ̀.

Bí àyè bá há bíi ti inú táńkì, ẹ̀yà mìíràn náà lè jìyà. Síbẹ̀, ní etíkun Madang ní Papua New Guinea, ẹ̀yà mẹ́sàn-án ló ń gbé àdúgbò kan náà. Wọ́n pín in ni: oníkálukú ní irú anímónì tirẹ̀ àti apá òkun tó ti ń gbé. Ibòmíràn wà tí ẹ̀yà méjì ti ń pín anímónì kan ṣoṣo. Òkun ní ẹ̀yìnkùlé. Táńkì kò ní. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń sin tọkọtaya ẹ̀yà kan péré. Ẹni tó bá sì fẹ́ kó ẹ̀yà méjì pọ̀, kí ó tó ra ẹja kejì, kí ó kọ́kọ́ wá ibi tí èyí tí wọ́n bá nà yóò sá sí.