Ẹ̀yin ajagunfẹ̀yìntì Ẹdẹ, ẹ má fi ìwé yín ṣeré

Bárékè ṣọ́jà wà l'Ẹ́dẹ, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní, ìjọba máa ń ṣèrántí àwọn ọmọ ogun wa. Ọjọ́ náà ni ogun Bìáfúrà parí lọ́dún 1970. Wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ kò ní í jẹ ẹyẹlé.

Owó ìfẹ̀yìntì ọ̀tọ̀, owó ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Àjọ Military Pensions Board l'Abuja ló ń bójú tó o. Wọn kì í kàn wo àpá lásán o. Àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà pé iṣẹ́ ológun ló fà á, káwọn dókítà sì sọ bó ṣe le tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ìwé ìfẹ̀yìntì àti ìwé ọsibítù yín. Ẹ fi ibi tó wà han ìyàwó àtàwọn ọmọ, kẹ́ ẹ sì yọjú nígbà tí wọ́n bá pè yín fún àyẹ̀wò.