Bàlúùnù tí kò ní sítíárìn: báwo ni wọ́n ṣe ń fi díje?

Bàlúùnù afẹ́fẹ́ gbígbóná ò ní sítíárìn. Iná gáàsì ló ń gbé e gòkè. Bí inú rẹ̀ bá tutù, á sọ̀kalẹ̀. Ó parí. Síbẹ̀, nínú ìdíje, ẹni tó ń wà á gbọ́dọ̀ ju àpò yanrìn kékeré lé àmì tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló jáwé olúborí.

Àṣírí ibẹ̀ ni pé atẹ́gùn ìsàlẹ̀ àti tòkè kì í sábà gba ọ̀nà kan náà. Ẹ wo Awoyaya lásìkò òjò: láti òkun, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ni atẹ́gùn ti ń fẹ́, ṣùgbọ́n ìjì òjò ńlá sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wọlé. Atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún ló ń tì í bọ̀.

Ní Albuquerque l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń ṣàjọ̀dún bàlúùnù láti 1972, láwọn òwúrọ̀ kan, tìsàlẹ̀ á gbé wọn lọ sí gúúsù, tòkè á dá wọn padà.

Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n á kọ́kọ́ tú bàlúùnù kékeré bíi tọmọdé sílẹ̀, wọ́n á máa wo ibi tó ń yà sí. Lókè, èéfín àti bàlúùnù tó ṣíwájú ni wọ́n ń wò. Àwọn kan tiẹ̀ ń tutọ́ sílẹ̀ láti mọ̀ ọ́n!

Wáyà iná ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Ní Awoyaya, ẹni tó bá ṣi atẹ́gùn òkun kà, inú ọ̀sà ló máa bá ara rẹ̀.