Ìránṣẹ́ Tí Kì Í Fi Tọmọ Jẹ́ Iṣẹ́: Àwọn Ọ̀rọ̀ Àṣẹ Tí Wọ́n Fi Ń Darí Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ tó gbọ́n kì í jẹ́ iṣẹ́ gẹ́lẹ́ bí ó ti bọ́ lẹ́nu ẹni tó rán an. Yóò kọ́kọ́ rò ó bóyá iṣẹ́ náà kò ní í dá wàhálà sílẹ̀, yóò sì tún ohun tó bá wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ṣe kí ó tó jẹ́ ẹ. Láàrin ọmọ ènìyàn, ìwà ọmọlúwàbí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ kan wà láyé òde òní tí kò mọ irú ìwà bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ni yóò ṣe. Kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó sọ ọ́. Ìránṣẹ́ náà ni kọ̀ǹpútà, pàápàá jù lọ nígbà tí ènìyàn bá ń fi ọ̀rọ̀ àṣẹ darí rẹ̀.

Kí ni ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí? Inú gbogbo kọ̀ǹpútà ni ètò àgbà kan wà tó ń ṣe àkóso ohun gbogbo yòókù. Òun ló ń wá àyè fún fáìlì, òun ló ń pín àkókò fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, òun náà ló sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láti mọ ẹni tó lè wọlé àti ẹni tí kò gbọdọ̀ wọlé. Lára irú ètò bẹ́ẹ̀ ni Windows, macOS àti Linux. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà bá ètò àgbà náà sọ̀rọ̀. Èkíní ni kí ó máa tọ́ka sí àwọn àwòrán kéékèèké tó wà lójú ẹ̀rọ. Èkejì ni kí ó tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú, kí ó tẹ bọ́tìnnì Enter, kí ó sì dúró de èsì. Ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní shell ló ń ṣe ògbufọ̀ láàrin ènìyàn àti ètò àgbà náà.

Ìbéèrè tó sábà máa ń wáyé nínú ìjíròrò lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé, nígbà tí àwòrán ti wà, kí ni ènìyàn tún ń tẹ ọ̀rọ̀ sí? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì ró kì í sábà ní ojú tí ẹnikẹ́ni ń wò. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń darí wọn, ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fi ń darí wọn.  Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017 ni gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tó yára jù lọ lágbàáyé ti ń lo Linux. Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, orí Linux kan náà ni wọ́n kọ́ ọ lé. Yàtọ̀ sí èyí, bí iṣẹ́ kan bá ní í ṣe pẹ̀lú 1,000 fáìlì, ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè parí rẹ̀, níbi tí ẹni tó ń tọ́ka sí àwòrán yóò ti tọ́ka títí ọwọ́ yóò fi máa dùn ún.

Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1969, ní ilé ìwádìí Bell Labs tó wà ní Murray Hill, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ètò kan tó wá di Unix. Kì í ṣe ojú gíláàsì ni wọ́n ń wò nígbà náà. Ẹ̀rọ tó jọ táípúráítà ni wọ́n ń tẹ̀, orí ìwé sì ni èsì ń jáde sí. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó gbajúmọ̀, Teletype Model 33, kò lè tẹ̀ ju lẹ́tà 10 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà wọ́n gé orúkọ àwọn àṣẹ kúrú: lẹ́tà méjì péré ni ls, cp, mv àti rm. Ìwé ìtọ́nisọ́nà Unix àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1971, àwọn àṣẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, gbé Linux jáde, ó sì tẹ̀lé ìlànà Unix. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn fi ń jíṣẹ́ títí di òní.

Àṣẹ Ìwòye àti Àṣẹ Ìyípadà

Ó dára kí olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ni ní àwọn àṣẹ yìí pín wọn sí ọ̀nà méjì: àwọn tó kàn ń wo nǹkan, àti àwọn tó ń yí nǹkan padà.

Lára àwọn àṣẹ ìwòye ni pwd, tó ń sọ inú fódà tí ènìyàn wà. Àṣẹ ls ń ka ohun tó wà nínú fódà náà síta. Cat ń gbé ohun tó wà nínú fáìlì wá sójú. Àṣẹ df ń sọ àyè tó kù fún ìkópamọ́, du sì ń fi fódà tó ń jẹ àyè náà hàn. Ps ń to àwọn iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lọ́wọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n fi dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Èyí tó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo wọn ni man, tó ń ṣí ìwé ìtọ́nisọ́nà: ẹni tó bá tẹ man cp yóò rí àlàyé kíkún lórí cp. Bí ènìyàn bá ṣi èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí tẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Àwọn àṣẹ ìyípadà ni wọ́n ń fẹ́ ìṣọ́ra. Mkdir ń dá fódà tuntun sílẹ̀, cp ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, mv ń gbé fáìlì láti ibì kan sí òmíràn tàbí kí ó yí orúkọ rẹ̀ padà, rm sì ń pa á rẹ́. Bí fáìlì kan bá ti wà ní ibi tí cp tàbí mv ń gbé nǹkan lọ, tí orúkọ wọn sì bára mu, tuntun yóò bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà kò ní í béèrè kí ó tó ṣe é. Ní ti rm, kò sí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tí ènìyàn ti lè padà lọ ṣa fáìlì rẹ̀ mú.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ yìí yéni. Ká ní olùkọ́ kan fẹ́ pa gbogbo fáìlì tí orúkọ wọn parí sí .txt rẹ́ nínú fódà kan. Ohun tó yẹ kí ó tẹ̀ nìyí:

rm *.txt

Àmì ìràwọ̀ yẹn dúró fún orúkọ èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣèèṣì fi àlàfo kan ṣoṣo sáàrin, ohun tó tẹ̀ nìyí:

rm * .txt

Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nǹkan méjì ni kọ̀ǹpútà gbọ́ báyìí: pé kí ó pa gbogbo fáìlì inú fódà náà rẹ́, kí ó sì pa fáìlì kan tó ń jẹ́ .txt rẹ́ pẹ̀lú. Yóò pa gbogbo wọn rẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàròyé pé òun kò rí èyí tó ń jẹ́ .txt. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ ls *.txt yóò ti rí orúkọ àwọn tó fẹ́ lọ, kí ó tó ó rán rm níṣẹ́. Ẹni tó bá sì tẹ rm -i, kọ̀ǹpútà yóò máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó pa wọ́n rẹ́.

Ẹni Tó Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Pàṣẹ

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè pa gbogbo àṣẹ. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní olówó rẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ tó bá a tan, àwọn yòókù sì wà lẹ́yìn òde. Àṣẹ chmod ni wọ́n fi ń pín ẹ̀tọ́ fún ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nọ́ńbà 4 dúró fún kíkà, 2 fún kíkọ, 1 fún mímú ètò ṣiṣẹ́. Wọ́n á sì ro wọ́n pọ̀. Nítorí náà, chmod 640 ibeere.txt túmọ̀ sí pé olówó fáìlì lè kà á, ó sì lè kọ nǹkan sí i. Ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kà á nìkan. Àwọn yòókù kò ní ẹ̀tọ́ kankan. Bí ibeere.txt bá jẹ́ ìbéèrè ìdánwò, kò sí olùkọ́ tí kò ní í mọ ìwúlò èyí. Àwọn tí ara ń kán a máa tẹ 777 kí wàhálà lè tán. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún tọmọdé tàgbà.

Ẹnì kan wà tí ìdènà yìí kò mú. Root ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni ọba inú ẹ̀rọ. Nítorí pé ewu wà nínú kí ènìyàn máa jókòó sórí oyè náà láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n ṣe àṣẹ sudo ní nǹkan bí ọdún 1980 ní yunifásítì ìpínlẹ̀ New York tó wà ní Buffalo. Sudo ń yá ènìyàn ní agbára root fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ó di ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àṣẹ kill náà wà, orúkọ rẹ̀ sì ń dẹ́rù bani ju ìṣe rẹ̀ lọ. Bí iṣẹ́ kan bá kọ̀ tí kò parí, ps yóò sọ nọ́ńbà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 4127, kill 4127 yóò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó palẹ̀ mọ́ kí ó sì máa lọ. Ó ráyè fi ohun tó ń ṣe pamọ́. Ṣùgbọ́n kill -9 4127 kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ojú ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ náà kú, ohun tí kò tíì fi pamọ́ sì bá a lọ. Ẹ̀bẹ̀ ló yẹ kí ó ṣáájú ipá.

Àgbájọ Ọwọ́

Agbára àwọn àṣẹ yìí kò sí nínú títóbi wọn. Ohun kékeré kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ṣeé so pọ̀. Láti ọdún 1964 ni Doug McIlroy ti Bell Labs ti dábàá pé ó yẹ kí wọ́n lè so ètò kan mọ́ òmíràn bí ìgbà tí wọ́n ń so rọ́bà ìbomirin pọ̀. Ní ọdún 1973, Ken Thompson mú àbá náà ṣẹ. Àmì rẹ̀ ni ìlà òòró yìí: |. Ohun tó bá jáde lẹ́nu àṣẹ kan yóò ṣàn wọ inú èkejì.

Ká ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní fáìlì tó ń jẹ́ ilu.txt, tí orúkọ ìlú akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ìlú kọ̀ọ̀kan wá yóò tẹ èyí:

sort ilu.txt | uniq -c | sort -n

Sort àkọ́kọ́ á to àwọn orúkọ kí àwọn tó bára mu lè fara kanra. Uniq -c á ka iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fara hàn. Sort ìkẹyìn á tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù. Ó parí. Síbẹ̀, ìwà ìránṣẹ́ náà kò yí padà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú àmì ohùn, tí èkejì sì kọ Ijebu-Ode láìfi àmì sí i, ìlú méjì ni kọ̀ǹpútà yóò kà wọ́n sí.

Ohun Tó Ti Ṣẹlẹ̀ Rí

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú pàápàá ti fara gbá nínú rẹ̀. Ní ọdún 1998, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Pixar ní California ń ṣe fíìmù Toy Story 2, ẹnì kan tẹ àṣẹ rm síbi tí gbogbo iṣẹ́ fíìmù náà wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wò ó bí àwọn ẹ̀dá inú fíìmù náà ṣe ń pòórá. Nígbà tí wọ́n wá ẹ̀dà tí wọ́n rò pé ó wà nípamọ́, wọ́n rí i pé kò pé. Ohun tó kó wọn yọ ni pé Galyn Susman, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, ẹ̀dà iṣẹ́ náà sì wà lórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé kọ̀ǹpútà náà, wọ́n sì fi mọ́tò gbé e padà. Fíìmù náà jáde ní ọdún 1999.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ó kan ilé-iṣẹ́ GitLab, níbi tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí. Kọ̀ǹpútà méjì ni òṣìṣẹ́ kan ń bójú tó lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kan jẹ́ àgbà, èkejì jẹ́ igbákejì. Ó fẹ́ pa fódà kan rẹ́ lórí igbákejì, àfi bí ó ṣe tẹ àṣẹ náà sórí àgbà. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ tó fi rí àṣìṣe rẹ̀ tó sì dá a dúró, ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí 300 gígábáìtì, 4.5 péré ló kù. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé fún ìpamọ́ ẹ̀dà. Kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ẹ̀dà kan tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn ṣe ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n fi tún un ṣe, ohun tó wọlé láàrin wákàtí mẹ́fà náà sì lọ. Ilé-iṣẹ́ náà kò fi ọ̀rọ̀ náà bò. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síta kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn méjèèjì kò ju mẹ́ta lọ. Kí ènìyàn wò kí ó tó yí nǹkan padà, kí ó sì mọ orí ẹ̀rọ tí òun wà. Kí ó má fi agbára root ṣe ohun tí agbára lásán lè ṣe. Kí ó ní ẹ̀dà níbòmíràn, kí ó sì máa dán an wò lóòrèkóòrè, nítorí ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbìyànjú láti gbà padà, ìrètí lásán ni. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí yóò ṣe dáadáa bí ó bá dá fódà ìdánrawò sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí rm ń ṣe níbi tí kò sí ohun tó ṣòfò.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láàrin ènìyàn, ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣì sọ lè dárí jì í, ó sì lè yí i sí rere. Kọ̀ǹpútà kò lè ṣe èyí. Nígbà tí ìránṣẹ́ kò bá lè fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́, ẹni tó ń rán an ló gbọ́dọ̀ fi ti àgbà rán an.