Òkìtì Kọ́ Ló Dá Nǹkan Oṣù Mi Dúró, Ebi Ni

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí máa ń ti àwa ọmọbìnrin lójú, àwọn ọmọkùnrin sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán ná.

Ẹ mọ̀ mí nínú ẹgbẹ́ tó ń ta òkìtì. Tí a bá gun ara wa léjìká, èmi ni mo máa ń dúró lókè pátápátá. Ní sáà àkọ́kọ́ ọdún yìí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé mi ní, "Ìwọ yìí ti ń wúwo o, èjìká ń dùn wá!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fún ẹlòmíì ní oúnjẹ ọ̀sán mi. Tó bá di alẹ́, màá ní mo ti yó.

Oṣù kan kọjá, n kò rí nǹkan oṣù mi. Ìkejì, ìkẹta, kò wá. Ká sòótọ́, inú mi dùn: kò sí inú rírun, kò sí pé aṣọ á bà jẹ́. Màmá mi ló fura pé páàdì tí wọ́n rà sílé kò dín. Wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ta ló fún ẹ lóyún?" Mo sunkún títí. Àyẹ̀wò fi hàn pé kò sí oyún. Nọ́ọ̀sì wá bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí: "Kí lo jẹ lánàá?"

Ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún mi, tí mo sì tún lọ kà sí i, nìyí. Ọpọlọ ló ń darí nǹkan oṣù. Ó ń ránṣẹ́ sí ilé ẹyin obìnrin, ibẹ̀ á sì pèsè họ́mónù tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn. Òun ló ń mú kí ọmú yọ, kí ilé ọmọ múra sílẹ̀ lóṣooṣù, kí egungun sì le. Ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ yìí ń gba agbára, inú oúnjẹ sì ni agbára ti ń wá. Tí ẹni tó ń fò sókè sódò lójoojúmọ́ kò bá jẹun tó, ara á fi ìwọ̀nba tó rí mí, á fi mú ọkàn lù. Iṣẹ́ tó bá lè dúró, á ní kó dúró ná. Ṣebí àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kò sì dìgbà téèyàn bá rù kan eegun kó tó ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ewu wà ni egungun. Ìgbà ìbàlágà la máa ń tọ́jú agbára egungun pa mọ́ bí ẹni ń dá àjọ, tí a ó máa ná an di ọjọ́ ogbó. Fífò dára fún egungun, àmọ́ tí ẹ́sítírójìn bá lọ sílẹ̀, egungun ẹni tó ń fò lè bẹ̀rẹ̀ sí í sán díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe jìmínásíìkì gidi máa ń pẹ́ rí nǹkan oṣù ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ìdí kan ni pé àwọn tó kéré lára ni wọ́n sábà máa ń yàn. Ìdí kejì ni ebi. Ọmọ ọdún 14 ni Nadia Comaneci ti Romania nígbà tó gba 10 nínú 10 ní Montreal ní 1976. Láti 1997, òfin ní obìnrin gbọ́dọ̀ pé 16 láàárín ọdún tó bá fẹ́ bá àwọn àgbà díje. Oksana Chusovitina bímọ ní 1999, ó sì gba fàdákà ní Òlíńpíìkì Beijing ní 2008, lọ́mọ ọdún 33. Ọmọ ọdún 27 ni Simone Biles nígbà tó gba wúrà mẹ́ta ní Paris ní 2024. Ṣé ẹ rí i? Ara obìnrin tó ti dàgbà kò dí òkìtì lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọbìnrin: ní ọdún kan tàbí méjì àkọ́kọ́, nǹkan oṣù lè máa ṣe ségesège, kò burú. Àmọ́ tó bá ti ń wá déédéé, tó wá dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta, tàbí tí o bá pé ọdún 15 láìtíì rí i rárá, sọ fún màmá rẹ, kí ẹ lọ rí dókítà. Má sì tan ara rẹ pé oyún kò lè dé nítorí pé nǹkan oṣù kò wá. Ẹyin lè jáde kí ó tó padà. Jẹun kí o tó wá sórí pápá, jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́. Bí owó bá há, gaàrí àti ẹ̀pà sàn ju inú òfìfo lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ń kọ́ wa léré, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bi wá bá a ṣe wúwo sí, ẹ bi wá bóyá a ti jẹun.

Mo ti padà sídìí oúnjẹ ọ̀sán mi. Nǹkan oṣù mi dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì sáré lọ sọ fún màmá mi. Wọ́n ní kí n má bínú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé mi sókè, ẹ múra èjìká yín sílẹ̀ o!